Òtítọ́ Dọ́jà: Ta Ni Yóò Sọ Iye Tí Iṣẹ́ Ọwọ́ Ènìyàn Dúdú Tó?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó ṣe òwò ní ẹ̀tọ́ fún wa, tí Ó sì ṣe owó èlé ní èèwọ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ṣòwò, tí àwọn tí wọ́n bá a ná ọjà sì mọ̀ ọ́n sí olóòótọ́ kí Ọlọ́hun tó rán an níṣẹ́.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-kéú wa ní ìrọ̀lẹ́ dúró dè wá lẹ́yìn ìrun Màgríbì. Iṣẹ́ àdìrẹ ni ó ń ṣe, orí ẹ̀rọ alágbèéká rẹ̀ ni ó sì ti ń pàtẹ ọjà. Oníbàárà kan láti Amẹ́ríkà ti kọ̀wé sí i pé òun fẹ́ ra ogún aṣọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì béèrè bóyá ìyá àgbà rẹ̀ ni ó kọ́ ọ níṣẹ́. Kì í ṣe ìyá àgbà rẹ̀ ni ó kọ́ ọ. Ọ̀gá kan ní Ìtọ́kú, ní Abẹ́òkúta, ni ó san owó fún, tí ó sì fi ọdún méjì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti gbà á nímọ̀ràn pé kí ó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ìtàn ìyá àgbà gan-an ni àwọn tí ó wà lókè òkun ń fi owó rà. Ó wá bi wá pé: “Ẹ jọ̀wọ́, Ùsítáàsì, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni bí mo bá sọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́? Ó ṣe tán, àwa ènìyàn dúdú ni wọ́n ti ń rẹ́ jẹ láti ọjọ́ pípẹ́.”

A kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. A mọ̀ pé irọ́ kò dára, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́ta ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì yẹ kí á dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èkíní: ǹjẹ́ ó tọ́ kí oníṣẹ́ ọwọ́ fúnra rẹ̀ gbé ọjà rẹ̀ dé ọ̀nà jíjìn, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ iye tí ó tó? Èkejì: bí ó bá ń pàtẹ rẹ̀, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó máa sọ àwọ̀ ara rẹ̀ àti ìran rẹ̀ mọ́ ọn? Ẹ̀kẹta: níbo ni ààlà ohun tí ó lè sọ wà? Kí á tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí á wo àwọn ènìyàn dúdú kan tí wọ́n ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú wa.

Àwọn Obìnrin Gee's Bend

Ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní Amẹ́ríkà, abúlé kan wà ní ibi tí odò Alabama ti ṣẹ́ kọ́rọ́ tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ilẹ̀ náà po. Gee's Bend ni wọ́n ń pè é. Joseph Gee ni ó dá oko òwú sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1816. Ní 1845, oko náà àti àwọn ẹrú tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Mark Pettway. Títí di òní olónìí, Pettway ni ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ orúkọ ẹni tí ó ni àwọn baba ńlá wọn lẹ́rú ni.

Ọ̀rọ̀ wọn kò jìnnà sí wa bí ẹ ti lè rò. Láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ ilẹ̀ náà léèwọ̀. Síbẹ̀, ní 1860, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Clotilda kó nǹkan bí 110 ènìyàn láti etíkun Ouidah, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Benin lónìí, lọ sí Alabama ní ìkọ̀kọ̀. Àwọn tí ń sọ èdè Yorùbá wà nínú wọn. Matilda McCrear, tí í ṣe ẹni ìkẹyìn tí a mọ̀ nínú wọn, kú sí Selma, ní Alabama yìí kan náà, ní 1940, pẹ̀lú ilà tí wọ́n kọ sí ojú rẹ̀ ní Áfíríkà. Ní Gee's Bend pẹ̀lú, Arlonzia Pettway, àgbà oníṣẹ́ ọnà tí ó kú ní 2008, máa ń sọ ìtàn ìyá ńlá rẹ̀ tí ń jẹ́ Dinah, ẹni tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó wá láti Áfíríkà.

Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin abúlé náà ni aṣọ ìbora alábùlẹ̀, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní quilt. Sòkòtò oko tí ó ti gbó, àpò ìyẹ̀fun, àti ajẹ́kù aṣọ ni wọ́n ń gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń tò, tí wọ́n sì ń fi abẹ́rẹ́ rán pọ̀. Kò sí àwòrán ohun ẹlẹ́mìí nínú rẹ̀ lọ títí. Ìlà, igun àti àwọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Ìyá ni ó ń kọ́ ọmọ. Wọn kò kọ́kọ́ ṣe é fún títà. Òtútù ni wọ́n ṣe é fún, nítorí ilé pákó wọn kò dí afẹ́fẹ́. Nígbà tí ọkọ Missouri Pettway kú ní nǹkan bí 1942, ó kó àwọn aṣọ tí ọkọ rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ oko, ó gé wọn, ó rán wọn pọ̀ di aṣọ ìbora, kí ó lè máa fi bora, kí ó sì máa fi rántí rẹ̀.

Ní 1966, nígbà tí ìjàkadì fún ẹ̀tọ́ ènìyàn dúdú gbóná, àwọn obìnrin àgbègbè náà dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan sílẹ̀, Freedom Quilting Bee, kí wọ́n lè máa ta iṣẹ́ wọn fún àwọn ilé-ìtajà ìlú ńlá. Lẹ́yìn èyí, olùkójọ iṣẹ́ ọnà kan wá sí abúlé, ó ra púpọ̀ nínú aṣọ náà. Ní 2002, wọ́n pàtẹ wọn sí ilé ọnà ńlá ní Houston, wọ́n sì gbé wọn dé New York. Àwọn ìwé ìròyìn yìn wọ́n gidigidi. Ní 2006, ìjọba Amẹ́ríkà tẹ àwòrán mẹ́wàá nínú wọn sára òǹtẹ̀ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n ní 2007, àwọn kan nínú àwọn obìnrin náà lọ sí ilé-ẹjọ́, wọ́n ní owó tí ó tọ́ sí àwọn kò dé ọwọ́ àwọn. Àwọn tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2008, wọ́n parí ẹjọ́ náà láàárín ara wọn. A kò jókòó sí ipò adájọ́ lórí ọ̀rọ̀ tí a kò sí níbẹ̀. Ohun tí a rí dájú ni pé aṣọ náà ti di olókìkí káàkiri, nígbà tí àwọn kan nínú àwọn tí ó rán an ṣì ń bèèrè pé èló ni ti àwọn.

Ní 2021 ni ọ̀nà mìíràn ṣí. Pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́ méjì, àwọn obìnrin náà ṣí ṣọ́ọ̀bù sí orí Etsy, ọjà orí ayélujára tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2005 fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀ lójú ọjà. Kí ọdún náà tó parí, ohun tí gbogbo wọn tà ti kọjá 300,000 dọ́là.

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù. Òwe ayé ìgbà ẹrú ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹrú ti di òmìnira, tí ẹrù rẹ̀ ṣì ń gba ọwọ́ ẹlòmíràn dé ọjà, ta ni ó ni ẹrù náà?

Ẹni Tí Wọ́n Pàdé Lójú Ọ̀nà

Ẹ̀sìn wa ti dáhùn ìbéèrè yìí tipẹ́. Ní ayé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, àwọn ènìyàn a máa kó ọjà wá sí Mẹ̀dínà láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn kan nínú ìlú a sì jáde lọ pàdé wọn kí wọ́n tó wọ ọjà, wọn a ra ẹrù wọn ní ọ̀pọ̀ nígbà tí àwọn àlejò náà kò tí ì mọ iye tí ó ń lọ. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ èyí fún wọn. Nínú hádíìsì tí Ìmáàmù Muslim gbà wá, ó jẹ́ kí á mọ̀ pé bí ẹni tí ó ni ẹrù bá dé ọjà lẹ́yìn náà, ó ní ẹ̀tọ́ láti dá òwò náà padà.

Ẹ ronú sí i dáadáa. Ẹni tí ó ta ẹrù rẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú un. Ó gbà, ó sì ka owó rẹ̀. Síbẹ̀ Ìsìláàmù sọ pé àbùkù wà nínú gbígbà náà, nítorí ẹni tí kò mọ iye ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tí ì yàn ní tòótọ́. Ìmọ̀ iye ọjà wà lára ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ń tà. Nítorí náà, ìdáhùn sí ìbéèrè èkíní ni pé ó tọ́, ó sì dára, kí oníṣẹ́ ọwọ́ dé ọjà fúnra rẹ̀. Bí ayélujára bá lè mú obìnrin kan tí ó wà ní abúlé Alabama, tàbí ọmọbìnrin kan tí ó wà ní Abẹ́òkúta, wọ inú ọjà kí ẹnikẹ́ni tó pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, oore ni, kí á dúpẹ́ fún Ọlọ́hun lórí rẹ̀.

A kò sọ pé iṣẹ́ alágbàtà jẹ́ èèwọ̀. Ìyá wa Kàdíjátù (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) kó ọjà rẹ̀ lé Ànábì lọ́wọ́ lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, ó sì padà wá jíṣẹ́ owó fún un bí ó ti rí. Àpẹẹrẹ alágbàtà rere ni ìyẹn: ẹni tí ó ni ọjà mọ iye tí wọ́n tà á. Bákan náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ilé-ìtajà ńlá kan ní Amẹ́ríkà lo iṣẹ́ ọnà àwọn kan nínú àwọn obìnrin Gee's Bend lára ọjà tí ẹ̀rọ ṣe. Owó kan ṣoṣo ni ó san fún wọn, kì í ṣe ìdá nínú ohun tí ó tà. Bí ẹnì kan bá mọ ohun tí ó wà nínú àdéhùn, tí ó sì gba owó kan ṣoṣo, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ìbéèrè tí ó yẹ kí á máa bi ara wa ni: ǹjẹ́ ẹni náà mọ̀?

Kí á má sì gbàgbé pé ọjà orí ayélujára ní onílé. Ní oṣù kẹrin 2022, Etsy gbé owó tí ó ń gbà lórí ọjà tí wọ́n bá tà kúrò ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sí ìdá mẹ́fà àbọ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tí ń tajà níbẹ̀ ni ó bínú, tí àwọn mìíràn sì ti ṣọ́ọ̀bù wọn pa fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí ó ń pàtẹ sí ilẹ̀ onílẹ̀, kí ó mọ̀ pé onílẹ̀ lè fi kún owó ilẹ̀ nígbàkígbà. Kí ó mọ àwọn oníbàárà rẹ̀, kí ó ní ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀, kí ó má sì fi gbogbo ìrètí rẹ̀ kọ́ ibì kan ṣoṣo.

Ǹjẹ́ Àwọ̀ Ara Jẹ́ Ọjà?

Ìbéèrè kejì ni ó ń fa àríyànjiyàn jù láàárín àwọn ọ̀dọ́. Àwọn kan ní: “Iṣẹ́ dára tàbí kò dára, kí ni àwọ̀ ń wá níbẹ̀?” Nínú ìwàásù ìdágbére, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ti kọ́ wa pé funfun kò ní ọlá lórí dúdú, dúdú kò sì ní ọlá lórí funfun, àfi pẹ̀lú ìbẹ̀rù Ọlọ́hun. Nítorí náà, ẹni tí ó ní kí ẹ má ra ọjà nítorí pé ènìyàn dúdú ni ó ṣe é, ó ti ṣe àbòsí. Ẹni tí ó sì ní kí ẹ ra tòun nítorí àwọ̀ òun nìkan, bí ẹni pé àwọ̀ ni ó fi rán aṣọ, òun náà ti gbé àwọ̀ sí ibi tí Ọlọ́hun kò gbé e sí.

Ṣùgbọ́n ìjúwe yàtọ̀ sí ìgbéraga. Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé, nínú Súrà Rúúmù, ka ìyàtọ̀ èdè wa àti ìyàtọ̀ àwọ̀ wa mọ́ àmì títóbi Ọlọ́hun. Ohun tí Ọlọ́hun fi ṣe àmì, kì í ṣe ohun ìtìjú tí a ń bò mọ́lẹ̀. Ẹ wo aṣọ Missouri Pettway. Bí ẹnì kan bá pàtẹ rẹ̀ tí kò sọ opó tí ó rán an, tí kò sọ oko òwú, tí kò sọ ẹni tí ó wọ sòkòtò náà títí ó fi gbó, ǹjẹ́ ó ti júwe ọjà náà tán? Kò tí ì júwe rẹ̀ tán. Láti sọ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́, ibi tí ó ti ṣe é àti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti kọ́ ọ jẹ́ ara òtítọ́ tí ó tọ́ sí ẹni tí ó ń rà. Ẹni tí ó fi orúkọ Òyìnbó bo ara rẹ̀ lójú ọjà kí owó lè gòkè, ó ti ṣi ẹni tí ó ń rà lọ́nà. Bí orúkọ oníṣẹ́ kò bá sì sí lára iṣẹ́, ó rọrùn fún ẹlòmíràn láti gbé e kọ́rùn pé tòun ni.

Ewu kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà tí ọlọ́pàá pa George Floyd ní Minneapolis, ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún 2020, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọjà àwọn ènìyàn dúdú rà. Ní ọdún náà, Google fi ààyè sílẹ̀ fún àwọn ṣọ́ọ̀bù ní Amẹ́ríkà láti fi àmì hàn pé ènìyàn dúdú ni ó ni wọ́n. Oore wà nínú rẹ̀, nítorí ẹni tí ẹnikẹ́ni kò yà sọ́dọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí oníbàárà. Ṣùgbọ́n oníbàárà tí ó ń fi àánú rà kì í wo abẹ́rẹ́. Bí ó bá sì pẹ́, ẹni tí ó ń tà náà lè fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ kí ó máa wá ìbànújẹ́ tí yóò tà. Ọrẹ ní orúkọ tirẹ̀, òwò ní orúkọ tirẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Ẹni tí ó fi ìyà tí ó jẹ àwọn baba rẹ̀ ṣe ìpolówó ọjà lójoojúmọ́, kí ó ṣọ́ra kí ìyà náà má baà di ohun yẹpẹrẹ lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin arábìnrin wa, ọ̀rọ̀ kan kù fún yín níhìn-ín. Àwọn kan ń sọ fún yín pé ọjà kò lè tà láìjẹ́ pé ẹ fi ojú àti ara yín hàn. Iṣẹ́ yín ni ẹ ń tà, ẹ kò ta ara yín. Sáínábù ọmọ Jáṣì, ìyàwó Ànábì, jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó ń fi èrè rẹ̀ ṣe sàárà, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò sì dín ọlá rẹ̀ kù. Orúkọ, ìlú, àti àwòrán ọwọ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ tó láti jẹ́ kí ènìyàn mọ oníṣẹ́.

Omi Ìsàlẹ̀ Òkìtì

Ó wá ku ìbéèrè kẹta. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kọjá lọ́dọ̀ ọkùnrin kan nínú ọjà tí ó kó oúnjẹ jọ ní òkìtì. Ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kan èyí tí ó tutù. Ọkùnrin náà ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í léèrè ìdí tí kò fi kó èyí tí ó tutù sí òkè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì sọ pé ẹni tí ó bá ń tan ènìyàn jẹ kì í ṣe ara wa. Ẹ kíyèsí i pé ọkùnrin náà kò purọ́ kankan. Ó kàn to ọjà rẹ̀ ní ọ̀nà tí ojú kò fi ní rí òtítọ́ ni.

Lórí ayélujára, òkè òkìtì nìkan ni oníbàárà ń rí. Kò lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Nítorí náà ẹrù tí ó wà lọ́rùn ẹni tí ó ń tà níbẹ̀ wúwo ju ti ẹni tí ó wà nínú ọjà ojúkojú lọ. Ẹni tí ó ra àdìrẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀ láti òkèèrè tí ó pè é ní iṣẹ́ ọwọ́, ẹni tí ó ní kí kọ̀ǹpútà ya àwòrán tí ó pè é ní iṣẹ́ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ẹni tí ó ya fọ́tò iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ tí ó fi ránṣẹ́ bí tirẹ̀, omi wà ní ìsàlẹ̀ òkìtì wọn. Ìyá àgbà tí kò kọ́ni níṣẹ́ rí, omi ni òun náà.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti rẹ́ wa jẹ ńkọ́? Òtítọ́ ni pé wọ́n rẹ́ wa jẹ, a kò sì gbọdọ̀ fi bò. Síbẹ̀ Àlùkùránì, nínú Súrà Máídà, kìlọ̀ fún wa pé kí ìkórìíra àwọn ènìyàn kan má ṣe sún wa dé ibi tí a kò fi ní ṣe déédé. Ẹni tí ó fẹ́ ra ogún aṣọ yẹn kọ́ ni ó ni oko Gee's Bend, òun kọ́ ni ó wa ọkọ̀ Clotilda. Bí a bá sì jẹ́ kí irọ́ wọ inú ìtàn wa, a ti ba ẹ̀rí àwọn tí ìtàn tiwọn jẹ́ òtítọ́ jẹ́. Nígbà tí ojúlówó ọmọ Missouri Pettway bá sọ ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe, ẹni tí a ti purọ́ fún nígbà kan yóò rẹ́rìn-ín.

Èyí ni ohun tí a sọ fún ọ̀dọ́mọbìnrin náà, ó sì kọ òtítọ́ sí oníbàárà rẹ̀: ọ̀gá rẹ̀ ní Ìtọ́kú, ọdún méjì, owó tí ó fi kọ́ṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá kí ìdáhùn tó dé. Aṣọ mẹ́ta ni oníbàárà náà rà dípò ogún. Ó gbé ìwé náà wá fi hàn wá, inú rẹ̀ kò sì dùn. A kò bá a jiyàn. Àwọn àgbà náà mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó sọ pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. A kò ní ṣèlérí fún yín pé òtítọ́ yóò máa tà ju irọ́ lọ. Ohun tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ṣèlérí ni pé bí ẹni tí ó ń tà àti ẹni tí ó ń rà bá sọ òtítọ́, tí wọ́n sì ṣàlàyé ọjà, Ọlọ́hun yóò fi ìbùkún sínú òwò wọn, bí wọ́n bá sì fi nǹkan pa mọ́ tí wọ́n purọ́, ìbùkún yóò kúrò níbẹ̀. Owó aṣọ mẹ́ta tí ó ní ìbùkún wà lọ́wọ́ rẹ̀. Owó aṣọ mẹ́tàdínlógún tí kò wọlé, kò ní jíhìn rẹ̀ ní ọjọ́ àjíǹde.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ gbé iṣẹ́ yín dé ọjà fúnra yín, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n pàdé yín lójú ọ̀nà. Ẹ wádìí iye tí ó ń lọ kí ẹ tó dá iye lé e. Ẹ fi orúkọ yín àti ìlú yín sí i láìtijú. Ẹ ka àdéhùn kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ kó èyí tí ó tutù sí òkè òkìtì. Ẹ̀yin tí ń rà náà, bí ẹ bá rí oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò mọ iye iṣẹ́ rẹ̀, ẹ sọ fún un kí ẹ tó ná an.

Kí Ọlọ́hun fi haláálì tó wa, kí Ó gbà wá lọ́wọ́ hàráámù, kí Ó sì fi ìbùkún sí iṣẹ́ ọwọ́ wa. Àmín. Má sàláámù.